Láníyọnu àti Alágbà Inú Ẹ̀rọ

Kò sẹ́ni tó bẹ Láníyọnu pé kó kọ́ ẹ̀rọ níwà ọmọlúàbí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà ló sì kù díẹ̀ kó gbé e dé Malete.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ìlọrin débi pé bó bá ń bínú, “wallahi” ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé díákónì lòun. Ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń ṣe àkójọ èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó yọkùn díẹ̀, ó fẹ́ràn ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ohun kan ṣoṣo tí kò sì lè fara mọ́ láyé yìí ni kí èèyàn kọjá lára òun láìkí òun. Ẹ lè gba àga rẹ̀ jókòó. Ẹ lè mu omi rẹ̀ tán. Á gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé láàárọ̀ tí ẹ kò kí i, ojú rẹ̀ á le koko títí iṣẹ́ á fi parí, bí ẹ bá sì béèrè ohun tó ṣe é, á ní kò sí nǹkan kan.

Lọ́dún 1988 ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì náà. Gbogbo èèyàn sá fún un. Akọ̀wé àgbà ní ojú òun ò ríran tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ìgbà náà ní òun ń múra Mẹ́kà lọ́wọ́. Láníyọnu nìkan ló gbé ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá lọ sílé, ó ń kà á nídìí oúnjẹ, ó ń kà á nínú ọkọ̀, ó ń gbé e wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti ń kọ èdè tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Bésíìkì. Ìlà àṣẹ kan lábẹ́ òmíràn ni, ẹ̀rọ á máa kà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ohun tí ẹ bá sì ní kó ṣe gan-an ni yóò ṣe, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, ì báà jẹ́ ìsọkúsọ.

Ìsọkúsọ ló pọ̀ jù. Àwọn akọ̀wé tó kọ́ Bésíìkì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbà mí o! Ẹnì kan ní kí ẹ̀rọ ro máàkì ìṣirò pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánwò ọmọ. Ẹlòmíràn ní kó máa ka orúkọ lọ, kò sọ ibi tó ti máa dúró, ẹ̀rọ sì ń kà á láti àárọ̀ títí wọ́n fi mú iná lọ. Láníyọnu ló ń jókòó tì wọ́n wá àṣìṣe. Nígbà tó sú u, ó kọ púrógíráàmù kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa yẹ púrógíráàmù àwọn ẹlòmíràn wò lọ. Á rọra bá a rìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tí nǹkan bá ti wọ́ á dúró, á sì sọ ọ́ ní Yorùbá lójú ẹ̀rọ: “Ìlà 240 kò dáa. Tún un wò.” Ó sọ ọ́ ní Alágbà.

Bó bá fi mọ síbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n Láníyọnu ṣàkíyèsí pé àwọn akọ̀wé kàn ń já wọlé ni, wọ́n ń ju iṣẹ́ wọn sí Alágbà níwájú, wọ́n ń gba ìdáhùn, wọ́n ń lọ. Ó dùn ún wọra. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ó jókòó, ó fi ìlà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kún iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ náà lọ, Alágbà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi ẹni tó bá kọ́kọ́ kí i, ìkíni náà sì gbọ́dọ̀ bá àkókò mu. Alágbà á wo aago inú ẹ̀rọ: bó bá jẹ́ àárọ̀, ẹ káàárọ̀, bó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ káàsán, bó bá di aago mẹ́rin, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ṣì í kí, Alágbà á ní, “Padà lọ ronú.” Ní ti ẹni tó bá dé láàárín aago méje alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, ìkíni kankan kò lè gbà á, torí Láníyọnu ò rí iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe lọ́fíìsì lásìkò yẹn. Ó kọ ìbáwí mẹ́ta sílẹ̀ de onítọ̀hún, ọ̀kan le ju ọ̀kan lọ. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń kọ ọ́, torí ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa rí i láé.

Abdulkadir, akọ̀wé tí tábìlì rẹ̀ kan tirẹ̀, ló kọ́kọ́ bá Alágbà jà. Ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni Abdulkadir. Ó ṣe sálámù sí Alágbà, Alágbà ní kó padà lọ ronú.

“Láníyọnu! O ń sọ fún mi pé nínú Ìlọrin yìí, nílùú bàbá mi, mo ṣe sálámù, wọn ò dáhùn?”

“Má bínú, Abdulkadir. Mo gbàgbé ni.”

“Gbàgbé kẹ̀! Fi sí i níṣojú mi.”

Ó dúró lé e lórí títí Láníyọnu fi kọ sálámù síwájú gbogbo ìkíni yòókù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe sálámù, Alágbà á dáhùn, á sì gbà á wọlé, kò ní yẹ aago wò rárá. Abdulkadir ní sálámù kì í ní àkókò. Díákónì rò ó wò, ó gbà bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n fi dísìkì gbé Alágbà lọ sí ẹ̀ka ọ́fíìsì wọn tó wà l'Ọ́fà, àwọn náà ń kí i. Ó wá di pé bí akọ̀wé tuntun bá dé, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá àti bí wọ́n ṣe ń kí Alágbà lọ́jọ́ kan náà.

Lọ́dún 1994, kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́ta àti ọ̀gá tuntun kan dé lọ́sẹ̀ kan náà. Alhaja Hajarat ni ọ̀gá náà. Obìnrin gíga ni, ó ń yára rìn, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í yọ níbẹ̀ rárá. Bó bá ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, àwọn akọ̀wé á máa tún bọ́tìnì wọn dè. “Alhaja” ni wọ́n ń pè é lójú, “Alhaja” náà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí wọn ò mọ ibi tó lè ti yọ. Òun ló mú Olúyẹmí wá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, tó ń de táì lójoojúmọ́, tó sì ń gbé ìka kan ṣoṣo sókè kí àwọn tó jù ú lọ. Ìka kan! Láníyọnu ka ìka yẹn sí i lọ́rùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Alhaja kó wọn jọ sídìí ẹ̀rọ tuntun.

“Ma,” Olúyẹmí ní, “Bésíìkì tuntun ló wà nínú àwọn ẹ̀rọ yìí. Iṣẹ́ àtijọ́ yẹn ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká dà á nù.”

Ó ti dísìkì Alágbà bọ ẹ̀rọ, ó ṣí i fún wọn. Dípò ọ̀rọ̀, àdììtú ló kún ojú ẹ̀rọ: àmì tẹ́nìkan ò mọ̀, ọkàn kéékèèké, àti àwọn ojú roboto tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láníyọnu ń wo àwọn ojú yẹn, àwọn náà ń wò ó.

Alhaja yíjú sí i. “Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, mo ti gbọ́ nípa Alágbà yín. Èsì ìdánwò gbọ́dọ̀ jáde lóṣù yìí. Bí Alágbà bá lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tuntun lọ́jọ́ Ajé, kó sì tún máa ṣiṣẹ́ lórí àwọn ti àtijọ́ tó wà l'Ọ́fà, ó dáa. Bí kò bá lè ṣe é, iléèwé kan wà ní Malete tó ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní títẹ̀wé. Mo ti tẹ lẹ́tà yín. Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà, ó ku kí n fọwọ́ sí i.”

Kò sí ohun tó ṣe Malete o. Ìlú dáadáa ni, iṣu ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Láníyọnu ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta, ilé rẹ̀ ń bẹ ní Ìlọrin, ìyàwó rẹ̀ ní ìsọ̀ ní Ọjà Tuntun, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan níléèwé yẹn. Kí ló fẹ́ máa ṣe lójúmọ́? Ta ló fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀?

Ohun tó fa àdììtú yẹn kò ṣòro fún un láti mọ̀. Bí èèyàn bá fi iṣẹ́ pamọ́ lásán, ẹ̀rọ àtijọ́ á rún un pọ̀ ní ọ̀nà tí òun nìkan lè kà. Àfi kí èèyàn fi lẹ́tà A kan sí ìparí àṣẹ náà ni yóò tó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á. Láti ọdún mẹ́fà, Láníyọnu kò fi A kankan sí i rí. Ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan ló sì lè tú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rún, èyí tó wà ní Ìlọrin sì ti wọ sítọ́ọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gba ọ̀dọ̀ Danjuma lọ. Danjuma ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó ti tẹ́ táwẹ̀lì lé kọ̀ǹpútà náà, ó to rédíò, ṣúgà àti kẹ́tùlù rẹ̀ sórí rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá.”

“Káàárọ̀, Danjuma. Mo fẹ́ lo ẹ̀rọ mi fún wákàtí kan.”

“Ẹ̀rọ wo? Èyí tó bá ti wọ sítọ́ọ̀ mi, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti kú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n jí òkú fún yín ni?”

“Kò kú. Ìjẹta ni wọ́n gbé e wá.”

“Haba! Ìwé ló mọ̀. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ̀dà mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ.”

Láníyọnu kọ fọ́ọ̀mù. Nígbà tó dé ibi ìdí, ó ronú títí, ó kọ ọ́ pé, “Láti bá a sọ̀rọ̀.” Danjuma kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú Láníyọnu, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ihò iná kan ṣoṣo ló wà ní sítọ́ọ̀, kẹ́tùlù ló sì wà níbẹ̀. Láníyọnu dúró títí omi fi hó, tí Danjuma mu tíì rẹ̀ tán, tó ṣan kọ́ọ̀pù, tó nu ṣíbí.

Nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ jí, ó béèrè ọjọ́ àti aago bó ṣe máa ń béèrè láràárọ̀, torí kì í rántí nǹkan kan bí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀. Láníyọnu wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ìka rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe é láìrò ó. Ó kí Alágbà, Alágbà dá a lóhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó wá pàṣẹ kí wọ́n fi Alágbà pamọ́, ó fi lẹ́tà A sí i, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà sì jáde ní gbangba sínú dísìkì.

Ó rò pé ó ti bọ́. Ó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ tuntun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo ìlà yọ kedere, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tuntun rìn díẹ̀, ó dúró, ó fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: DO.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú púrógíráàmù, gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ rántí lẹ máa ń fún lórúkọ. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ni Láníyọnu lò, ó gé e kúrú. DO, tó jẹ́ Dúrótìmí àkọ́bí rẹ̀, ló ń di nọ́ńbà ìlà mú. TE, tó jẹ́ Tẹniọlá, ló ń ka àṣìṣe. Bésíìkì àtijọ́ kò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n Bésíìkì tuntun ti sọ DO di ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àṣẹ kan ló fi ń pa, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi sọ nǹkan lórúkọ mọ́. Láníyọnu tẹ gbogbo iṣẹ́ náà sórí bébà, ó gbé e kúrò lọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ Ṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ní Ọjà Tuntun. Bọ́tìnì, òwú, síìpù àti pínnì ni Ṣìkẹ́mi ń tà fáwọn aránṣọ.

“Bàbá Dúrótìmí, kí lẹ ń ka bébà sí bí ẹni tó ń ka ìwé ìpẹ̀jọ́?”

Ó sọ fún un. Ṣìkẹ́mi gbé síìpù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ ní ìjọba ní kí ẹ yọ orúkọ Dúrótìmí kúrò?”

“Kì í ṣe ìjọba. Èdè tuntun ló gba orúkọ náà.”

“Èdè wo ló ń gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ? Tẹniọlá ńkọ́?”

“Tẹniọlá ṣì wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Àbúrò wà níbẹ̀, wọ́n lé ẹ̀gbọ́n síta. Kí lẹ wá fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?”

“Mo rò pé kí n kàn fi X sí i.”

“Ẹ́kìsì!” Àwọn oníbàárà méjì bojú wẹ̀yìn. “Ọmọ tí mo fi ọjọ́ méjì rọbí rẹ̀, òun lẹ fẹ́ máa pè ní ẹ́kìsì? Ẹ pè é ní DURO. Àbí wọ́n ti gba ìyẹn náà?”

Láníyọnu yẹ ìwé ẹ̀rọ tuntun wò, ó yẹ ti àtijọ́ wò. Kò sí èyí tó gba DURO nínú méjèèjì. Ohun tí ẹ̀rọ tuntun á gbọ́, tí ti Ọ̀fà náà á gbọ́, ó ti jáde lẹ́nu oníbọ́tìnì. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tún ń tì í díẹ̀. Wọ́n jọ yẹ bébà náà látòkè délẹ̀, ibi tí DO bá ti wà, Ṣìkẹ́mi á gún pínnì kan síbẹ̀ kó má baà fò ó. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni pínnì ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, bébà náà ò ṣeé gbá mú.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méje kò tíì lù tí Láníyọnu ti dé ìdí ẹ̀rọ tuntun. Bó bá tún ibì kan ṣe, á yọ pínnì ibẹ̀. Olúyẹmí dé, ó gbé ìka rẹ̀ sókè, ó gbé ọwọ́ kejì lé tábìlì láti yọjú wo iṣẹ́ náà, ó sì gbé e lé orí pínnì.

“Yéè!”

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” Láníyọnu ní, kò gbójú sókè.

Pínnì tó kẹ́yìn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Alhaja wọlé, gbogbo ọ́fíìsì sì tẹ̀ lé e. Kò tíì ráyè dán nǹkan kan wò.

“Ẹ dìde,” Alhaja ní. “Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́.”

“Alhaja, ẹ... ẹ máa kọ́kọ́ kí i ni.”

“Kí n kí ta ni?”

“Alágbà ni. Bí ẹ ò bá kí i, kò ní dáhùn.”

Olúyẹmí rẹ́rìn-ín sínú táì rẹ̀. Alhaja wo aago ara ògiri, aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú méje. Ó tẹ̀ ẹ́: ẹ káàárọ̀. Alágbà dáhùn, Alhaja sì kà á sókè bó ṣe máa ń ka lẹ́tà ìjọba:

“Ta nìyẹn lóru yìí? Òṣìṣẹ́ ìjọba ti sùn. Olè nìkan ló ṣì ń rìn. Lọ sílé.”

Oòrùn ń ta wọ ojú fèrèsé. Láníyọnu mọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, òun ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń wá láàárọ̀. Alhaja tún un tẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Alágbà ní:

“O ṣì wà níbẹ̀? Mo ti ń pe mẹ́gáàdì bọ̀, ojú ẹ á já a.”

Láníyọnu rántí ìbáwí kẹta. Ìyá onítọ̀hún wà nínú ìbáwí kẹta. Alhaja sì ti ń gbé ìka lọ sórí kíbọ́ọ̀dù. Láníyọnu rí Malete, ó rí ara rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ pẹ̀lú táipúráítà tí kò ní ríbọ́ọ̀nù.

“Alhaja,” Abdulkadir sọ láti ẹ̀yìn, “ẹ ṣe sálámù sí i.”

Alhaja bojú wẹ̀yìn wò ó. Lẹ́yìn náà ló tẹ sálámù.

“Wa alaikumu salamu,” Alágbà ní. “Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Iṣẹ́ ta ni ká yẹ̀ wò?”

Abdulkadir dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete. Alhaja ní kí wọ́n gbé púrógíráàmù tuntun tí Olúyẹmí kọ fún èsì ìdánwò wá, ó gbé e fún Alágbà. Alágbà rọra bá a rìn, ó dúró:

“Ọmọ ogójì wọlé, mọ́kàndínlógójì ló jáde. Ẹnì kan dà? Wo ìlà 310.”

Gbogbo wọn wo ìlà 310. Orí ọmọ kejì ni Olúyẹmí ti ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ́jísítà iléèwé kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ìpínlẹ̀, kò ní rí èsì gbà.

“Àkọ́kọ́?” Abdulkadir pariwo. “Abdulkadir Sàrátù! Ọmọ mi ni àkọ́kọ́ ní rẹ́jísítà iléèwé wọn! Olúyẹmí, kí ni Sàrátù fi ṣe ọ́?”

Olúyẹmí tú táì rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Láníyọnu. Ó bi ẹ̀rọ náà pé aago mélòó ló lù. Ẹ̀rọ ní aago kan òru ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ẹ̀rọ àtijọ́ kì í mọ aago, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn láràárọ̀. Ti tuntun kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, aago ibi tí wọ́n ti tò ó pọ̀ lókè òkun ló ṣì ń kà bọ̀. Láníyọnu tún aago náà ṣe.

“Ẹ ò ní lọ sí Malete lónìí,” Alhaja ní. “Ṣùgbọ́n kí ẹ yọ gbogbo ìkíni yẹn kúrò kí ẹ tó lọ sílé. N kò fẹ́ kí ẹ̀rọ ìjọba tún pe ọ̀gá rẹ̀ lólè mọ́. Lẹ́tà yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.”

Láníyọnu yọ ọ́. Ẹ káàárọ̀ lọ, ẹ káàsán lọ, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ lọ. Nígbà tó kan sálámù, Abdulkadir kúrò nínú yàrá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ọ́fíìsì fajú ro. Àwọn akọ̀wé dé, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn lára, wọ́n kí Alágbà. “Fáìlì wo?” ni Alágbà ń sọ. Fáìlì wo ṣáá! Ẹni tó kí i lẹ́ẹ̀mẹta, fáìlì wo. Ọ̀kan nínú wọn ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń bínú síni tí wọn ò sọ ìdí. Láníyọnu kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, wọ́n ní Alhaja ń pè é. Ó wọlé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, ó sì rí lẹ́tà náà, orúkọ rẹ̀ lókè, Malete láàárín. Ó kàn dúró.

“Mo lo Alágbà láàárọ̀ yìí,” Alhaja ní. “Mo kí i.”

“Ẹ kí i, Alhaja?”

“Mo kí i, kò dá mi lóhùn.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n...”

“Mo mọ ohun tí mo sọ.” Ó gbé bírò, ó yí lẹ́tà náà padà, ó kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ó sì nà án sí i. “Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, àfi ọ̀rọ̀ olè yẹn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kí i, ohun tí mo fẹ́ kó dá mi lóhùn nìyí.”

Láníyọnu kà á: “Káàárọ̀, Hajarat. Ṣé o sùn dáadáa?”

“Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú,” Alhaja ní, ó ń wo ìta, “kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí Olúyẹmí rí i.”

“Kò ní rí i, Alhaja.” Láníyọnu ká lẹ́tà náà, ó fi sí àpò àyà rẹ̀, ó yí padà.

“Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu.”

“Alhaja?”

“Ẹ wọlé tọ̀ mí wá, ẹ ò kí mi.”

Ara Láníyọnu bù máṣọ. Òun! Òun Láníyọnu! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ káàárọ̀, Alhaja.”

Alhaja wo aago ara ògiri. Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

“Padà lọ ronú,” ó ní, ẹ̀rín sì pa á títí àwọn akọ̀wé fi ń yọjú láti kọ́rídọ̀.